Wọ́n Tún Rí Kókó Nínú Ìfun Mi

Ìbéèrè: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 2019 ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ìfun ńlá fún mi, ọmọ ọdún 46 ni mí nígbà yẹn, Ọlọ́run yọ mí. Lọ́dún 2020 tí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú mi wọ́n rí kókó méjì tí wọ́n ń pè ní pólíìpù, wọ́n yọ ọ́, 2023 wọ́n tún rí kan, lóṣù tó kọjá wọ́n rí mẹ́ta. Àbúrò ọkọ mi ní jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni, ó ti gbé àgbo wá nínú ike. Mi ò rí oorun sùn mọ́. Ṣé jẹjẹrẹ yẹn ló ń padà bọ̀ ni? Ìgbà wo ló máa tán gan-an?
Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú gbogbo ohun tójú yín ti rí. Pólíìpù kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó dà bí olú tó hù lára igi, òmíì ní ọrùn, òmíì kàn pẹlẹbẹ sílẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, ibẹ̀ náà ni jẹjẹrẹ ìfun ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í yá, ó sábà máa ń tó bí ọdún 10 kí kókó kékeré tó dà á. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á ti wáyà tín-ín-rín gba inú kámẹ́rà yẹn, wọ́n á fi kọ́ ọ lọ́rùn bí ìgbà tí tàkúté bá mú òkété, wọ́n á fún un, ó tán, ó di láàbù.

Ibi tó bàjẹ́ nìkan ni wọ́n gé lọ́jọ́sí. Ìfun tó kù, ilẹ̀ kan náà tó hu ti àkọ́kọ́ ni, ó ṣì lè hu òmíì. Mẹ́ta tí wọ́n rí yẹn, mẹ́ta tí ò ní dàgbà nìyẹn.

Ìgbà tó máa tán tẹ́ ẹ bi mí yẹn, àyẹ̀wò ẹ̀ ò ní tán o. Tí ibẹ̀ bá mọ́, wọ́n sábà máa ń wò ó lọ́dún kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó di ọdún 3 lẹ́yìn ìyẹn, ó tún wá di ọdún 5 lẹ́yìn ìyẹn náà. Tí wọ́n bá rí nǹkan wọ́n lè fà á súnmọ́, ó wà lọ́wọ́ iye ẹ̀, bó ṣe tóbi tó, àtohun tí láàbù bá sọ. Ẹ gba ẹ̀dà rìsọ́ọ̀tì yẹn sọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "kò séwu, mọ́mì" lé yín jáde.

Oògùn tí wọ́n fi ń fọ ìfun kí wọ́n tó fi kámẹ́rà wò ó ló máa ń sú èèyàn jù. Ẹ gbé e sí fíríjì kó tutù dáadáa, ẹ máa mu ún lọ títí ohun tó ń jáde á fi dà bí ìtọ̀. Ẹ má mu sóbò o, pupa ẹ̀ máa ń jọ ẹ̀jẹ̀ lójú kámẹ́rà. Àgbàdo, ẹ̀fọ́, gúáfà, ẹ fi í sílẹ̀ ní bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, oògùn áyọ́ọ̀nù tó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀ ńkọ́ (kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru o), ó tó ọ̀sẹ̀ kan, ó máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ dúdú kó sì lẹ̀ mọ́ ìfun.

Àwọn ìbejì náà, tí wọ́n bá ti pé 36, ìyẹn ọdún 10 ṣáájú ọjọ́ orí tí tiyín bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lọ ṣe tiwọn. Tí jẹjẹrẹ ìfun tàbí ti ilé ọmọ bá ti ṣe ẹlòmíì nínú ẹbí yín, ẹ sọ fún dókítà, ó lè jẹ́ èyí tó ń tẹ̀lé ìdílé, ìyẹn, ní ọdún kan sí méjì síra ni wọ́n máa ń wò ó.

Àgbo ò lè já kókó kankan nínú ìfun. Ẹ dá ike yẹn padà fún àbúrò ọkọ yín tìdúpẹ́-tìdúpẹ́, kẹ́ ẹ wá rọra bi í bóyá òun náà ń rí ẹ̀jẹ̀ tó ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí.