Pi 5, N100 àbí OptiPlex tòkunbọ̀ lórí inverter: ẹ wo ẹnu ṣájà kẹ́ ẹ tó wo chip

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ server (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú nǹkan fún àwọn ẹ̀rọ yòókù) tí yóò máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru nílé, fún fọ́tò àwọn ará ilé àti fíìmù orí tẹlifíṣọ̀n, lórí inverter 1.5kVA tó ní bátìrì 12V 200Ah kan ṣoṣo. Ẹ wá ń béèrè èwo ni kẹ́ ẹ rà nínú Raspberry Pi 5 (kọ̀ǹpútà tó kéré bíi káàdì), mini PC N100 (kọ̀ǹpútà kékeré tó ní chip Intel N100) àti OptiPlex Micro tòkunbọ̀ (kọ̀ǹpútà kékeré ti Dell). Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣírò bátìrì yẹn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ.

Àwọn tó ń tajà yóò máa pariwo TDP (ìwọ̀n ooru tí chip ń mú jáde bó bá ń ṣiṣẹ́ gidi) sí yín létí: 6W fún N100, 35W fún i5-6500T inú OptiPlex. Ẹ má dá wọn lóhùn. TDP kì í ṣe iná tí ẹ̀rọ ń fà lára ògiri. Server ilé kì í ṣe nǹkan kan ní ọ̀pọ̀ wákàtí ọjọ́, bó bá sì ti jókòó bẹ́ẹ̀, N100 ń fà bíi 6W sí 10W, OptiPlex bíi 10W sí 15W, Pi 5 bíi 3W sí 4W. Gbogbo ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ju gílóòbù LED kan lọ.

Inverter fúnra rẹ̀ ló ń jẹun. Bí ẹ ò tiẹ̀ so nǹkan kan mọ́ ọn, irú tiyín lè máa jẹ 15W sí 25W. Àwọn tó ń gbé e síni nílé kì í sọ èyí. Bẹ́ ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní kò jẹ nǹkan kan. Bátìrì yín jẹ́ 2,400Wh lórí ìwé. Bó bá jẹ́ tubular tí wọ́n ń bu omi sí, ẹ má lò ju ìdajì lọ: 1,200Wh. Server 10W tó bá gba inú inverter kọjá di bíi 12W, torí ohun tó ń ṣòfò nígbà tí DC bá ń di AC. Ẹ fi 20W ti inverter kún un, ó di 32W, bátìrì yóò gbé e fún wákàtí 37. Bí server kan náà bá gba iná DC láti ara bátìrì, 11W ni, ó lé ní wákàtí 100. Tí inverter yín bá ti ń gbé fáànù tọ̀sán-tòru tẹ́lẹ̀, 20W yẹn ti lọ ná, èrè ibẹ̀ yóò kéré. Ẹni tó ń pa inverter lóru ló máa jàǹfààní ẹ̀ jù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ wo ẹnu ṣájà. Ọ̀pọ̀ mini PC N100 ń lo 12V 3A, àwọn kan ń lo 19V. Ẹ ka ara ṣájà kẹ́ ẹ tó sanwó. OptiPlex ń lo 19.5V, ó sì ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín láàárín ẹnu ṣájà tí ẹ̀rọ fi ń dá ṣájà rẹ̀ mọ̀. Tí kò bá rí i, yóò máa ráhùn nígbà tó bá ń tan, ó sì lè dín eré processor kù.

Ẹ má ki wáyà bátìrì bọ mini PC lẹ́nu láìsí nǹkan kan láàárín o! 12V yẹn, orúkọ lásán ni. Bí sólà bá ń gbá a, ó ń lọ sí 14.4V, ó tún lè ju 15V lọ nígbà equalize (gbígbá àkànṣe tó ń mú inú bátìrì dọ́gba). Bó bá ń tán lọ lábẹ́ ẹrù, ó lè wálẹ̀ sí 11V. Hard disk 3.5 inch inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gba 12V rẹ̀ tààrà láti ẹnu ṣájà, òun ni yóò kọ́kọ́ kú. Converter buck-boost (tó lè gbé fóltéèjì sókè, tó sì lè rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀) ni kẹ́ ẹ rà, tó ń mú 12V jáde, 5A ó kéré tán. Buck lásán, tó ń rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ nìkan, kò tó, torí bí bátìrì bá ti wá sí 11.5V, 12V kò lè jáde níbẹ̀ mọ́. Èyí tí wọ́n kọ 10A sí lára lọ́jà, ẹ kà á sí 5A. Ẹ fi mítà wọn ohun tó ń jáde, kẹ́ ẹ sì rí i pé pọ́sítífù ló wà láàárín, kẹ́ ẹ tó ki í bọ ẹ̀rọ.

Fúùsì 7.5A gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà pọ́sítífù, nítòsí ẹnu bátìrì gan-an, kì í ṣe lọ́dọ̀ mini PC. Bí wáyà bá kanra níbi tí fúùsì kò sí, iná gidi ni bátìrì 200Ah máa dá síbẹ̀. Oníná tó bá ní fúùsì ò pọn dandan, ẹ fún un lówó mọ́tò kó máa lọ. Wáyà kọ́pà 2.5mm² ni kẹ́ ẹ lò. Mítà márùn-ún lọ, márùn-ún bọ̀, ní 3A, bíi 0.2V ló ń sọnù nínú rẹ̀, 0.5mm² yóò gba tó 1V. Ẹ gbé converter sẹ́gbẹ̀ẹ́ mini PC, kì í ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi bátìrì kejì kún un tó di 24V, ẹ má fa 12V lára bátìrì kan ṣoṣo nínú méjèèjì. Ọ̀kan á máa tán ṣáájú èkejì títí wọ́n á fi bàjẹ́. Converter 24V sí 12V lórí méjèèjì ni.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà inverter ṣá o, ẹ fi í sí ipò UPS, tó ń yí láti iná NEPA sí bátìrì láàárín bíi 10 sí 20ms (ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá). Ipò kejì lè pẹ́ jù, server á sì lè máa kú nígbà tí NEPA bá mú iná lọ.

Pi 5? Ó ń fẹ́ 5V 5A. Bẹ́ ẹ bá fún un ní 3A, ó ń dín iná gbogbo ẹnu USB kù sí 600mA, hard disk USB á sì máa já. Káàdì SD kò fẹ́ kí iná já lójijì. Kò sì ní ohun tó ń yí fíìmù H.264 (ọ̀nà tí wọ́n fi fún ọ̀pọ̀ fíìmù pọ̀) padà nínú chip rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fíìmù lẹ ní ẹ fẹ́ wò. N100 ní Quick Sync (apá chip Intel tó ń yí fíìmù padà), ó ń ṣe H.264 àti HEVC 10-bit (irú tó tuntun ju H.264 lọ) láìlàágùn. OptiPlex tó ní chip ìran keje, i5-7500T, ń ṣe HEVC 10-bit náà; ti ìran kẹfà kò lè ṣe é dáadáa. Windows 11 kò gba méjèèjì, Windows 10 sì ti parí ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, nítorí náà ẹ dúnàádúrà gidi ní Computer Village.

N100 oní 12V ni mo máa rà. Mẹ́mórì 16GB, SSD kan fún ètò, SSD 2.5 inch fún fọ́tò. Hard disk 3.5 inch kan tó ń yí ń jẹ bíi 5W sí 8W, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó server fúnra rẹ̀, ó sì ń fa tó 20W nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta server ńlá ilé-iṣẹ́ fún yín torí pé owó rẹ̀ wálẹ̀: 150W lóṣù jẹ́ 108kWh. Ní ₦225 tí wọ́n gbé Band A sí ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ₦24,300 nìyẹn. 10W jẹ́ ₦1,620. Ẹ fi Debian (irú Linux kan) sí i, ẹ fi Jellyfin (fún fíìmù) àti Immich (fún fọ́tò) sí i, ìyẹn ò le.

Ẹ wọ BIOS (ojú ètò tó wà kí ẹ̀rọ tó tan tán), kẹ́ ẹ ṣètò pé kó máa tan fúnra rẹ̀ bí iná bá padà. Ti OptiPlex ni AC Recovery, ẹ fi sí Power On. Ti ọ̀pọ̀ N100 ni State After G3, ẹ fi sí S0. Àwọn mini PC kan kò ní in rárá, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Kẹ́ ẹ tó kó fọ́tò kankan sí i, ẹ yọ fúùsì yẹn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnì. Tí kò bá dìde fúnra rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.