Àgùntàn Igbó Mòǹgólíà: Báwo La Ṣe Ń Rí Wọn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ lọ wo àgùntàn igbó ní ọgbà Ikh Nart, ní Mòǹgólíà. Wọ́n ní wọ́n máa ń sá fún èèyàn. Ìgbà wo ni kí n lọ, kí ni kí n sì mú dání? – Òǹkàwé kan, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Wọ́n ń sá lóòótọ́. Argali lorúkọ wọn. Kò sí irú àgùntàn igbó tó tóbi tó o. Ojú wọn mú gan-an. Ẹni tó bá yọrí lókè àpáta, wọ́n ti rí i tipẹ́. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni kí ẹ gbà, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ wọn wá bá yín, kí ẹ sì jókòó jẹ́ẹ́. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ jáde: lọ́sàn-án wọ́n á dùbúlẹ̀, àwọ̀ wọn á dà bíi ti òkúta, àfi ìdí wọn funfun. Ẹ mú bainókúlà 10x42, ìyẹn awò tó ń mú ohun tó jìnnà tóbi nígbà mẹ́wàá.

Ọ̀pọ̀ àlejò ń rí ibex, wọ́n ń pè é ní argali. Ewúrẹ́ ni ibex: ó nírùngbọ̀n, ìwo rẹ̀ sì tẹ̀ sẹ́yìn. Ti àgbò argali ká yí etí rẹ̀.

Oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá ni àwọn àgbò ń kan ara wọn, ṣùgbọ́n òtútù ibẹ̀ ń sọ omi di yìnyín. Ọyẹ́ Ìbàdàn ò tó nǹkan kan. Oṣù Kẹsàn-án rọrùn jù.

Ọkọ̀ ojú irin láti Ulaanbaatar, olú-ìlú Mòǹgólíà, lẹ́yìn náà mọ́tò. Ẹ gba afọ̀nàhàn. Lítà omi mẹ́ta lójúmọ́. Bí ẹ bá fẹ́ súnmọ́ àgọ́ darandaran, ẹ kígbe “Nokhoi khor!”, ìyẹn “ẹ di ajá yín mú”, àgò tiwọn nìyẹn.