Ṣé Apá Ọmọ Yìí Á Gbé E Dé Líìgì Ńlá?

Àwọn òbí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ̀wé sójú-ewé bésíbọ́ọ̀lù wa lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ apá tó lè gbé ọmọ dé líìgì ńlá (Major League Baseball, líìgì tó ga jù l'Amẹ́ríkà) sì ni gbogbo wọn ń bi mí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi máa jáde ilé-ìwé girama lọ́dún yìí ní Texas níbí. Ọmọ ọdún 17 ni, ó ga, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ju bọ́ọ̀lù, ẹ̀rọ radar sì ti ka máìlì 96 ní wákàtí kan fún un lẹ́ẹ̀mejì. Látìgbà yẹn, ilé wa ò sinmi mọ́. Àwọn scout, ìyẹn àwọn tó ń wá ọmọ tó mọ̀ ọ́n jù fáwọn ẹgbẹ́ ńlá, ń pè, yunifásítì kan sì ti fún un ní sikọ́láṣíìpù. Bàbá ẹ̀ ní tí wọ́n bá ti mú un nínú draft (níbi táwọn ẹgbẹ́ líìgì ńlá ti ń yan àwọn ọ̀dọ́ níkọ̀ọ̀kan), kó fọwọ́ síwèé kíá. Èmi ní kó lọ kàwé. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ kan ní ìgbọ̀nwọ́, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó máa débi tó ń lọ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí? — *Ìyá Ajùbọ́ọ̀lù*

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé máìlì 96 yẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Mi ò ní kò dáa o. Òun ló kúkú mú àwọn scout wá. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù méjì péré lẹ sọ pé ó dé bẹ̀. Àwọn yòókù ńkọ́? Ohun tí èmi máa ń fẹ́ mọ̀ ni bó ṣe ń jù ú ní inning karùn-ún, ìyẹn ìpele karùn-ún eré, nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́, tí alátakò méjì ti dúró lórí base tí wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa sáré gba àmì ayò, tí bàbá kan sì ń pariwo láti ẹ̀yìn.

Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún lóṣòó gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn home plate, ibi tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí, ní Georgia (orúnkún mi ò tíì gbàgbé), ìbọ̀wọ́ catcher, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù, ni mo máa ń ní káwọn òbí wò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún lọ, ẹ jókòó sẹ́yìn àwọ̀n, ní tààrà ẹ̀yìn catcher. Ó máa kọ́kọ́ gbé ìbọ̀wọ́ síbi tó fẹ́ kí bọ́ọ̀lù bà sí, ká ní lẹ́bàá orúnkún ẹni tó di igi mú. Tí bọ́ọ̀lù bá wọbẹ̀ tí ìbọ̀wọ́ ò sì kúrò lójú kan, ọmọ yín mọ ohun tó ń ṣe. Tí catcher bá ń na ọwọ́ kiri bí ẹni ń lé eṣinṣin, máìlì 96 ò tíì di nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ wo changeup ẹ̀, bọ́ọ̀lù tó rọra ń bọ̀ láti tan ẹni tó fẹ́ gbá a jẹ. Ṣé bí apá ẹ̀ ṣe ń yára tó bá fẹ́ ju fastball (èyí tó yára jù) náà ló ṣe ń yára, àbí ó máa ń dẹ apá díẹ̀? Tó bá ń dẹ̀ ẹ́, àwọn tó mọ igi gbá lókè lọ́hùn-ún á ti mọ ohun tó ń bọ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn scout máa ń fi máàkì díwọ̀n gbogbo èyí, láti 20 dé 80. 50 ni ti ẹni tó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ní líìgì ńlá. Méjì ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ fún nǹkan kọ̀ọ̀kan: ohun tó jẹ́ lónìí, àti ohun tí wọ́n rò pé ó lè dà lọ́la. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì yẹn ni wọ́n ń náwó lé, ibẹ̀ náà sì ni ewu wà. Ẹ bi èyí tó bá wá sílé yín pé, “Ẹ̀yin, mélòó lẹ kọ fún command ẹ̀ lónìí?” (Command ni bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù síbi tó fẹ́ gẹ́lẹ́.) Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ gígùn, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn nìyẹn.

Ní ti ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀rù yín tọ́. Iṣan kékeré kan ló so egungun apá mọ́ra wọn ní ẹ̀gbẹ́ inú ìgbọ̀nwọ́, òun ló sì ń jìyà tọ́mọ bá ń fi gbogbo agbára jù. Lọ́dún 1974, Dókítà Frank Jobe yọ iṣan lára ọwọ́ ọ̀tún Tommy John, ajùbọ́ọ̀lù líìgì ńlá, ó fi tún ìgbọ̀nwọ́ òsì tó fi ń jù ṣe. Tommy John padà sórí pápá ní 1976, ó sì jù ú títí di 1989. Látìgbà yẹn làwọn èèyàn ti ń fojú kékeré wo iṣẹ́ abẹ yìí. Ó máa ń gbà tó ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ kéèyàn tó padà, àwọn kan ò sì padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yára jù wà lára ohun tó ń fà á, àmọ́ àárẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àwọn dókítà kan ní Alabama fi àwọn ọ̀dọ́ ajùbọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wé àwọn tí apá wọn dá ṣáṣá. Ìwádìí náà jáde ní 2006. Ẹni tó sábà ń jù nígbà tó ti rẹ apá ẹ̀, ìṣeéṣe kó wà lára àwọn tí wọ́n là jẹ́ ìlọ́po 36. Ẹni tó ń jù ju oṣù 8 lọ lọ́dún, ìlọ́po 5. Ìyá wa, oṣù mélòó lọmọ yín fi ń sinmi? Ẹ ò sọ ọ́ nínú lẹ́tà yín. Coach ilé-ìwé ń ka iye bọ́ọ̀lù tó jù lọ́dọ̀ tiẹ̀ nígbà ìrúwé, ti travel team (ẹgbẹ́ tó ń rìnrìn àjò lọ gbá bọ́ọ̀lù) ń ka tiẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn tó ń ṣe showcase, níbi táwọn ọmọ ti ń jù kí scout rí wọn, ò ka nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tó ń ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ra ìwé kékeré kẹ́ ẹ máa kọ ọ́. Nínú ìlànà Pitch Smart tí Major League Baseball àti USA Baseball jọ gbé kalẹ̀, bọ́ọ̀lù 105 ni òpin lójúmọ́ fún ọmọ ọdún 17.

Ó wá ku ìjà ẹ̀yin àti bàbá ẹ̀. Mi ò gbà pé yunifásítì ń dáàbò bo apá. Coach ibẹ̀ náà fẹ́ borí. Stephen Strasburg lọ yunifásítì, òun ni wọ́n mú ṣe ẹni àkọ́kọ́ nínú draft 2009. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jù fún ẹgbẹ́ Washington, oṣù Kẹfà 2010, èèyàn 14 ló fi strikeout lé kúrò, ìyẹn ni pé wọn ò rí bọ́ọ̀lù ẹ̀ gbá. Kọ́dún náà tó parí, ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìgbọ̀nwọ́. Òun náà ló padà gba MVP (ẹni tó ta yọ jù) ní World Series, ìdíje àṣekágbá líìgì ńlá, ní 2019. Brady Aiken ò rí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni; ẹgbẹ́ Astros mú un ṣe ẹni àkọ́kọ́ láti girama ní 2014, dókítà wọn yẹ ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ wò, ohun tí wọ́n rí ò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n gé owó, ọ̀rọ̀ náà sì forí ṣánpọ́n. Iṣan yẹn já lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ Cleveland ṣì mú un, àmọ́ kò dé líìgì ńlá. Àwọn ẹgbẹ́ náà mọ ewu yìí: láti 1965 tí draft ti bẹ̀rẹ̀ títí dé 2025, wọn ò mú ajùbọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ọ̀tún kankan láti girama ṣe ẹni àkọ́kọ́.

Nítorí náà, ẹ ṣírò ẹ̀ bí ẹni pé ìgbọ̀nwọ́ náà máa já. Tó bá já, ọ̀nà wo ló máa ṣẹ́ nǹkan kù fún un? Tí owó ìfọwọ́síwèé bá pọ̀ débi pé, lẹ́yìn owó orí àti ti aṣojú, ó ṣì lè gbé e ró fún ọ̀pọ̀ ọdún, bàbá ẹ̀ jàre. Kí wọ́n kọ owó ilé-ìwé sínú àdéhùn náà pẹ̀lú, kẹ́ ẹ sì ka ibi tí wọ́n kọ àsìkò rẹ̀ sí dáadáa. Tówó náà bá kéré, kó lọ kàwé. Tó bá ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀ tàbí tó pé ọdún 21, wọ́n tún lè mú un. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ jọ fẹnu kò sí iye kan kọ́jọ́ draft tó pé, torí wọ́n máa pè láti béèrè.

ÌBÉÈRÈ: Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínṣì mẹ́wàá lọmọ mi. Coach ẹ̀ ní ó ti kúrú jù láti máa jù. Ṣé òótọ́ ni? — *Bàbá Ìbejì*

ÌDÁHÙN: Ohun tí ẹgbẹ́ Dodgers rò nípa ajùbọ́ọ̀lù Pedro Martínez nìyẹn, wọ́n gbé e fún ẹgbẹ́ Montreal ní 1993, ó sì gba Cy Young, àmì-ẹ̀yẹ ajùbọ́ọ̀lù tó ta yọ jù, ní 1997, 1999 àti 2000. Àmọ́ ẹ má fi Pedro tan ara yín jẹ. Àwọn kúkúrú tí kò débẹ̀, ta ló ń dárúkọ wọn? Ẹ wo fastball tó ń jù sókè, nítòsí àyà. Bọ́ọ̀lù ẹni tó kúrú kì í dà sílẹ̀ púpọ̀ bíi ti ẹni gíga, igi sì máa ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Tí tiẹ̀ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó wá coach mìíràn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọdún 12 ni tèmi. Ṣé kó bẹ̀rẹ̀ curveball (bọ́ọ̀lù tó máa ń tẹ̀ lójú ọ̀nà)? — *Àǹtí Bísí*

ÌDÁHÙN: Àǹtí, changeup ni kó kọ́ ná. Kó má ju bọ́ọ̀lù tó ju 85 lọ lójúmọ́, kó má sì ṣe pitcher (ajùbọ́ọ̀lù) àti catcher nínú eré kan náà, coach ì báà bẹ̀ yín.