Bí Ọ̀gá Ṣe Wí Gẹ́lẹ́ Ni Kí Ẹ Ṣe É

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá mi ní a ò gbọdọ̀ gbé ẹrù kankan ránṣẹ́ sí oníbàárà láìjẹ́ pé òun fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ kì í sí lórí ìjókòó. Bí ẹrù bá pẹ́, èmi ló ń bú. Bí mo bá sáré gbé e lọ, ó ní mo rú òfin. Mo fẹ́ tẹ̀ lé òfin yẹn láìyẹsẹ̀ kó lè rí ohun tó fà. Kí ni mo máa ṣe tí kò fi ní dà lé mi lórí?

ÌDÁHÙN: Ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 1968, àwọn tó ń wà nílẹ̀ darí ìrìn ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà kò da iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kàn rí i pé àlàfo tí ìwé ìlànà là kalẹ̀ wà láàárín ọkọ̀ kan àti èkejì, láìdín in kù rárá. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi ń tò gbọọrọ, pàápàá ní New York.

Òfin àfẹnusọ ló ń kó òṣìṣẹ́ sí wàhálà. Tí ọ̀gá yín ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ tó sọ ọ́ gan-an: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bí ẹ ṣe sọ láàárọ̀, mi ò ní gbé ẹrù kankan jáde àfi tí ẹ bá fọwọ́ sí i. Tí mo bá ṣì yín gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà.” Ẹ má fi ẹ̀sín kún un.

Lẹ́yìn náà, bí ẹrù bá ti délẹ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè ìfọwọ́sí, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: “Ọkọ̀ ń lọ ní aago 2. Tí ẹ ò bá tíì fọwọ́ sí i nígbà yẹn, ó di ọ̀la.” Gbólóhùn yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, òun ló sì ń gbani. Ẹni tó bá dákẹ́ títí nǹkan fi bà jẹ́ ni wọ́n á ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ kọ ọjọ́, aago tí ẹ béèrè àti aago tí èsì dé sínú ìwé kan. Tó bá fọwọ́ sí i ní aago 2 ku ìṣẹ́jú 5, kí ẹrù jáde lójú ẹsẹ̀. Ìfàsẹ́yìn kankan ò gbọdọ̀ tọwọ́ yín wá.

Ẹ má sì tẹ̀ lé òfin kan kẹ́ ẹ máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́, torí ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò. Ẹ ka lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín náà: púpọ̀ nínú wọn ní ìlà kan nípa “iṣẹ́ mìíràn tí ọ̀gá bá yàn”, ìlà yẹn sì ń sọ “kì í ṣe iṣẹ́ mi” di asán. Tó bá jẹ́ oògùn tàbí ohun tí ẹ̀mí èèyàn rọ̀ mọ́ ni, ẹ gbé e lọ ná, kẹ́ ẹ tó kọ ìdí rẹ̀ sí i.

ÌBÉÈRÈ: Onílé tí mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ rẹ́ mi jẹ. Ṣé mo lè kó gbèsè tó kù fún un ní owó ẹyọ, kó máa kà á?

ÌDÁHÙN: Ó lè kọ̀ ọ́. Níbi tí wọ́n ti ń ná yúrò, òfin ò fi dandan mú aráàlú kankan láti gba ju owó ẹyọ 50 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bá jẹ́ owó ẹyọ pẹ́nì 1 àti pẹ́nì 2, iye tó di dandan láti gbà kò kọjá pẹ́nì 20 lápapọ̀. Tó bá kọ̀ ọ́, gbèsè ṣì wà lọ́rùn yín. Ẹ san án bó ṣe yẹ, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì. Ìwé àdéhùn ilé ni kẹ́ ẹ wá ṣí: tó bá dá ọjọ́ tí owó ìdúró yín, ìyẹn owó tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ onílé nígbà tí ẹ wọlé, gbọ́dọ̀ padà, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, nínú lẹ́tà, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó bá yọ kúrò níbẹ̀.