Ẹ fi etí ka àwòrán náà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àwọn ọmọ mi ń fi àlọ́ àpamọ̀ alááwòrán dán mi wò lórí WhatsApp: ojú, ọkàn, abo àgùntàn, kí n sọ ohun tó jẹ́. Ṣé àwọn tó ṣe fóònù ló dá a sílẹ̀? Ẹnì kan tún ń ta ìwé àwòrán Íjíbítì àtijọ́ ní 15,000 náírà, ó ní àwòrán kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ àti agbára tirẹ̀. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Rárá, kì í ṣe fóònù. Rebus ni òyìnbó ń pè é, ó sì ti wà tipẹ́. (Ti àwọn ọmọ yín, "mo fẹ́ràn rẹ" ni, lédè Gẹ̀ẹ́sì: ojú, "eye", dún bí "I"; ọkàn dúró fún ìfẹ́; abo àgùntàn, "ewe", dún bí "you".)

Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ló ń bí mi nínú. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí. Ta ló sọ fún yín pé ohun tí wọ́n yà náà ni wọ́n ń wí? Òkúta pẹlẹbẹ kan wà láti Íjíbítì, ti nǹkan bí ọdún 3100 kí a tó bí Jésù. Wọ́n ya ẹja àrọ̀ sí i, wọ́n sì ya irin tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń gbẹ́ igi sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fojú kà á á ní apẹja kan ló lọ jí irin gbẹ́nàgbẹ́nà. Àmọ́ nar ni wọ́n ń pe àrọ̀, mer ni irin náà: Narmer, orúkọ ọba ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù pàápàá ṣi irú àwòrán Íjíbítì báyìí kà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ń wá awo kiri, títí Champollion ará Faransé fi fi hàn ní 1822 pé ìró ọ̀rọ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn àwòrán náà dúró fún.

Àrokò tiwa náà ńkọ́, ìyẹn ohun tí àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ dípò ìwé? Bí owó ẹyọ méjì bá kọjú síra lórí okùn, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà dé. Ojú tó ìyẹn í kà. Mẹ́fà wá ńkọ́? Kò sí ìfẹ́ kankan lára owó ẹyọ mẹ́fà. Orúkọ iye náà ló ń sọ̀rọ̀: ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ: ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, kó wò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú. (Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀ o; ẹ má ní mo sọ pé gbogbo àrokò rí báyìí.)

Ẹ gbẹ̀san lára àwọn ọmọ yẹn. Ẹ ya adé, ẹ ya ilé tì í, kí wọ́n dárúkọ ẹni tó ń ṣàkóso ìlú bí ọba bá wàjà. Bí wọn ò bá mọ adélé, ẹ má ràn wọ́n lọ́wọ́.

Mi ò tíì fojú kan ìwé ọ̀hún, mi ò sì pe ẹni tó ń tà á ní olè. Ẹ fowó yẹn ra ìrẹsì.