Ìrù Nìkan Kọ́ Ni Kí Ẹ Máa Wò Lára Ajá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ajá aládùúgbò wa tí wọ́n so mọ́ ẹnu géètì ni ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ bá lánàá. Ajá náà ń jùrù, gbogbo wa la rí i. Bí ọmọ ṣe nawọ́ sí i lórí báyìí, ó bù ú jẹ lọ́wọ́. Ṣé ajá tó ń jùrù tún máa ń gé èèyàn jẹ ni? Màmá mi ti fi epo pupa sójú ọgbẹ́ náà. — Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ká tó débi ìrù, ọwọ́ ọmọ lẹ máa kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ fọ epo yẹn kúrò báyìí-báyìí. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn lẹ́nu ẹ̀rọ ni kí ẹ fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kódà bó jẹ́ pé eyín kàn họ ọ́ lára ni. Inú itọ́ ajá ni kòkòrò dìgbòlugi máa ń wà, ọṣẹ sì máa ń pa á. Epo, ata àti irun ajá kò ràn án. Òní náà ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un, ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ kankan fò yín. Bí àìsàn yẹn bá ti fojú hàn lára èèyàn, agbára káká lẹnikẹ́ni fi ń yè é.

Kí ẹnikẹ́ni má pa ajá náà. Kí olówó rẹ̀ so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 10, kí dókítà ẹran máa wò ó. Bí kòkòrò náà bá ti wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó gé ọmọ jẹ, àìsàn á ti hàn lára rẹ̀ kí ọjọ́ 10 tó pé. Àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn dúró kí ẹ tó lọ gba abẹ́rẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìrù. Bí ajá bá ń jùrù, inú rẹ̀ ru sókè ni. Ayọ̀ lè rú u, ìbínú tàbí ẹ̀rù náà lè rú u. Èyí tí inú rẹ̀ dùn, ìdí rẹ̀ á máa bá ìrù jó, ara á rọ̀, ẹnu á là sílẹ̀. Èyí tó fẹ́ bu èèyàn jẹ, ìrù rẹ̀ á nàró gbọnrangandan, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni yóò máa gbọ̀n, ara á le, ẹnu á pa dé. Ẹ wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú: bí funfun ojú bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tó ń lá imú nígbà tí kò sóúnjẹ nílẹ̀, tó ń yán láìjẹ́ pé oorun ń kùn ún, ó ń bẹ yín pé kí ẹ sún sẹ́yìn. Èyí tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ò sì ríbi sá lọ.

Mo bẹ yín, ẹ má na ajá torí pé ó kùn. Ìkìlọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Èyí tí wọ́n nà títí tí kò fi kùn mọ́, eyín ni yóò kọ́kọ́ lò lọ́jọ́ mìíràn.

Ìbéèrè: Ajá Caucasian mi máa ń mí gúlegúle lọ́sàn-án, itọ́ á máa já lẹ́nu rẹ̀. Àbúrò mi ní ká fá irun rẹ̀ kanlẹ̀. Ṣé ká fá a? — Bàbá Tóbi, Sùúrùlérè

Ìdáhùn: Ẹ má fá a o. Oòrùn á bọ́ sí i lára tààrà ni, irun náà sì lè má hù dáadáa mọ́. Irun kíki bí òwú tó wà nísàlẹ̀ irun gígùn yẹn ni kí ẹ máa fi òòyà eléyín gbọọrọ yọ.

Àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni ajá ti ń làágùn. Omi tó ń gbẹ lórí ahọ́n àti lẹ́nu rẹ̀ ló ń tù ú lára, afẹ́fẹ́ Èkó tó kún fún ọ̀rinrin kì í sì í jẹ́ kó tètè gbẹ. Ara ajá tó dá ṣáṣá máa ń gbóná tó 38.3 sí 39.2°C, bó bá kọjá 41, ewu ti dé. Bí èrìgì rẹ̀ bá pọ́n bí ata, tí itọ́ rẹ̀ ki, tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ da omi ẹ̀rọ sí i níkùn, nítan àti lẹ́sẹ̀, kí ẹ tan fáànù sí i. Ẹ má fi táwẹ́lì bò ó. Ooru ló máa há sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn ẹran, kódà bó bá ti dìde, torí kíndìnrín rẹ̀ lè ti fara gbá a.

Ilé ajá onípáànù tí kò ní fèrèsé dà bí ààrò lọ́sàn-án. Ẹ wá nǹkan ṣe sí i.

Ìbéèrè: Èékánná kan wà lókè lẹ́sẹ̀ iwájú ajá mi tí kì í kanlẹ̀. Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? — Òǹkàwé yín, Ṣómólú

Ìdáhùn: Àtàǹpàkò rẹ̀ ni, ó máa ń fi di eegun mú. Torí pé kì í kanlẹ̀, kì í dín kù, ó sì lè ká kó wọnú ẹran ara. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni kí ẹ máa rẹ́, díẹ̀díẹ̀, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bó bá ṣẹ̀jẹ̀, ẹ fi ìyẹ̀fun àgbàdo gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.