Òòfà lábẹ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá: ohun tí ojú mi rí

Àbúrò, o béèrè bóyá èèyàn lè de òòfà mọ́ abẹ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá kí ó máa léfòó, kí kòtò ọ̀nà Ìkéré sí Adó má bà á jẹ́ mọ́. Kò ṣeé ṣe lórí ilẹ̀ lásán. Ọdún kan gbáko ni mo fi lé e.

Sípíkà ni mo ń tún ṣe l'Ádó. Òòfà inú rẹ̀ ní ihò láàárín. Mo ki igi kan bọ ihò méjì, mo dojú àwọn ẹ̀gbẹ́ tó ń ti ara wọn kọra, ti òkè sì léfòó. Mo fò sókè fún ayọ̀. Bí mo ṣe yọ igi, wéré ló yí padà, ó gbá èkejì mú, ìka mi sì wà láàárín. Èékánná yẹn kò hù dáadáa mọ́. Mo to mẹ́rin, mo to mẹ́jọ. Kò sí èyí tó dúró láìjẹ́ pé mo fi nǹkan há a mọ́. Mi ò mọ̀ pé Samuel Earnshaw, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ìṣirò fi èyí hàn láti 1842.

Ilẹ̀ wa gan-an ló tàn mí jù. Wọ́ òòfà nínú iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, yanrìn dúdú á so mọ́ ọn bí irùngbọ̀n. Mo ní irin wà nílẹ̀ Èkìtì nìyẹn, yóò ti kẹ̀kẹ́ sókè. Rárá o. Irin tí kì í ṣe òòfà, fífà ni òòfà ń fà á, kì í tì í. Ní ti yangí àti òkúta tó kù, bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀ ni.

Fífà yìí náà ni ọkọ̀ tó ń léfòó ní ìlú Shanghai ní China, tó máa ń sáré tó 431 kìlómítà ní wákàtí kan tẹ́lẹ̀, ń lò. Apá rẹ̀ ká abẹ́ ojú ọ̀nà, òòfà oníná inú rẹ̀ ń fa ara rẹ̀ sókè mọ́ irin tó wà níbẹ̀, ẹ̀rọ sì ń fi iná kún un, ń dín in kù láìdúró, kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Àlàfo náà kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Wo kòtò tí o fẹ́ sá fún! Ti Japan tó sá 603 kìlómítà ní wákàtí kan ní 2015 máa ń ga tó bíi sẹ̀ǹtímítà 10, ṣùgbọ́n wáyà ni wọ́n tò sára ògiri ọ̀nà rẹ̀, táyà ló sì fi ń rìn títí eré rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí 150 kìlómítà ní wákàtí kan.

Bí o bá ṣì fẹ́ fojú rí agbára òòfà tó ń rìn, yọ òòfà inú háàdì-dísìkì kọ̀ǹpútà tó ti kú, gbé alumíníọ̀mù tó nípọn kí ó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí o jẹ́ kí òòfà yọ̀ lórí rẹ̀. Á máa rọra bọ̀ bí ohun tó bọ́ sínú oyin. Lórí òkúta, ẹ̀ẹ̀kan ló máa já sílẹ̀. Àmọ́ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn kí o tó fọwọ́ kan òòfà kankan.